Àlọ Tí Kò Ní Àbọ̀

Ó ku ọ̀la kí wọ́n padà sí Èkó nígbà tí Wosilat jí, tó sì rí i pé Gbémi kò sun orí ibùsùn rẹ̀. Aṣọ ibùsùn náà ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ṣe tẹ́ ẹ lánàá. Báàgì ọmọ náà kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mọ́. Ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ ṣì wà nínú ife, ó ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni sálúbàtà rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn.

Wosilat jókòó, ó ń wo sálúbàtà náà. 

Ọdún 1996 ni. Bàtà ọmọdé ni Wosilat ń tà ní ọjà Balógun, ó sì ti bá Alhaji Àmúsà lọ sí Dùbáì rí. Àmúsà fúnra rẹ̀ kì í tajà. Àwọn oníṣòwò ló ń kó lọ: òun ló ń bá wọn gba físà, òun ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, òun ló ń bá wọn wá òtẹ́ẹ̀lì sí Déírà, àdúgbò ọjà níbẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ahun paraku ni. Ní ọjọ́ tí wọ́n dé, ó bá àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì jà títí nítorí ọṣẹ tí wọ́n kọ̀ láti fi kún ti yàrá rẹ̀.

Nígbà tí ìrìn àjò yìí ń bọ̀, ó ti pe àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó fẹ́ lọ jọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní òun ti rí tíkẹ́ẹ̀tì kan tó rọjú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́gbẹ́ ni," ó wí fún wọn. "Ẹni mẹ́wàá ló gbọ́dọ̀ jọ lọ, ẹni mẹ́wàá náà ló gbọ́dọ̀ jọ bọ̀. Bí ẹnì kan bá yẹ̀ nínú yín, gbogbo ẹni tó kù ló máa sanwó lé e. Ẹ sì rí i pé mẹ́sàn-án lẹ jẹ́, tèmi wà lọ́tọ̀. Mo ní àbúrò ìyàwó mi kan tó máa bá wa dí i."

Bí wọ́n ṣe mọ Gbémi nìyẹn. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún méjìlélógún, onígbàgbọ́, tó máa ń rọra kọrin ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nígbà tó bá ń ṣe irun ara rẹ̀. Kò ní ọjà tó fẹ́ rà. Inú àwọn oníṣòwò yòókù sì dùn sí i, torí wọn yóò lè pín kílò ẹrù rẹ̀ láàárín ara wọn. Nínú ọkọ̀ òfúrufú, ẹ̀gbẹ́ Wosilat ló jókòó sí. Wosilat bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe ní Dùbáì gan-an.

"Alhaji ní kí n má dààmú, Àǹtí. Wọ́n ní bí mo bá dé ibẹ̀ màá mọ̀."

Wosilat kò bi í ní ìbéèrè kejì. Oorun ń kùn ún.

Nísinsin yìí ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá Asiat, obìnrin aláṣọ léèsì tó jẹ́ ẹlẹ́nu líle nínú wọn. Asiat kò tíì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi lọgun.

"Mẹ́wàá! Mẹ́wàá ni wọ́n ní! Ọmọ yẹn fẹ́ kó wa sí wàhálà! Ta ló lówó tí yóò fi lé tíkẹ́ẹ̀tì?"

Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo wọn ti jáde. Wọ́n pín ara wọn sí Al Ràsì, àdúgbò àwọn ọlọ́jà ńlá tí wọ́n ti ra ẹrù. Wọ́n wọ gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń ta tùràrí àti ata gbígbẹ, wọ́n dé etí omi níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń kó ènìyàn sọdá. Oòrùn ń jó bí iná. Asiat ń ṣàpèjúwe ọmọ náà fún àwọn ará Íńdíà tó ni ṣọ́ọ̀bù: "Small girl, black, gap for teeth! You see am?" Wọ́n ń mi orí. Àwọn obìnrin tí wọn kò bi Gbémi rí bóyá ó ti jẹun ń sáré wá a bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù. Wosilat rí i pé ojú wọn ti yí padà. Bí wọ́n bá rí Gbémi níbẹ̀, ó dá a lójú pé aṣọ ni wọn yóò fi dè é wálé.

Nígbà tí wọ́n padà sí òtẹ́ẹ̀lì, ó ti rẹ̀ wọ́n. Àmúsà jókòó nísàlẹ̀, ó ń mu tíì. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọ́ tiwọn tán, ó rọra gbé ife kalẹ̀.

"Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀," ó wí. "Àgbàlagbà ni. Ó lè ti rí ọ̀rẹ́. Owókówó tí wọ́n bá ní ká san lé e, èmi Àmúsà ni màá san án. Ẹ lọ di ẹrù yín."

 Asiat bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n Wosilat ń wo Àmúsà. Ọkùnrin tó jà nítorí ọṣẹ ní ọjọ́ tí wọ́n dé fẹ́ sanwó lórí tíkẹ́ẹ̀tì ènìyàn mẹ́sàn-án, kò sì ṣẹ́jú.

"Alhaji, tíkẹ́ẹ̀tì Gbémi dà?" ló bi í.

"Ó wà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ṣebí ọwọ́ yín ni gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì wa wà láti Èkó?"

Àmúsà wò ó. Ẹ̀rín ṣì wà ní ètè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ojú. "Mo fún un lánàá. Àǹtí Wosí, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní tèmi, kí n lè mọ iye kílò tí wọ́n kọ síbẹ̀. Àwọn oníkágò fẹ́ mọ̀."

 Ó wo ojú àwọn tó yí i ká, ó sì ṣí báàgì dúdú rẹ̀, ó fún un.

Abdulsalam ni oníkágò tó máa ń bá wọn kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ti pẹ́ ní Déírà, ọ́fíìsì rẹ̀ kékeré kan sì wà lókè ṣọ́ọ̀bù ìkòkò ní Al Ràsì. Nígbà tí Wosilat wọlé, ó ń fi kálámù dúdú kọ orúkọ sára àpótí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ṣé tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́gbẹ́ ni?"

Abdulsalam ṣí ìwé náà, ó wo ewé pupa tó wà nínú rẹ̀. Ó fi ìka tẹ lẹ́tà kéékèèké tó wà lápá ọ̀tún.

"Ta ló ní ẹlẹ́gbẹ́ ni èyí?"

"Alhaji Àmúsà ni."

"Jókòó." Ó ti àpótí náà sẹ́yìn. "Tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ẹ tilẹ̀ jọ jókòó sórí àga kan náà nínú ọkọ̀ kan náà. Ẹni tó bá san ojú owó, ọdún kan ni tiẹ̀ máa ń lò. Ó lè yí ọjọ́ padà bó ṣe wù ú, bí kò bá sì lọ mọ́, wọ́n á dá owó rẹ̀ padà. Tẹlẹ́gbẹ́ ló rọjú jù, àmọ́ ó so gbogbo yín pọ̀ mọ́ okùn kan bí ewúrẹ́. Ẹ kò lè yẹ ọjọ́, ẹ kò lè yẹ ènìyàn. Tìẹ yìí wà láàárín méjèèjì. Oṣù kan ló ń lò láti ọjọ́ tó o ti kúrò nílé. Kílò ọgbọ̀n ló fún ọ. O lè yí ọjọ́ àbọ̀ padà bó o bá san ìtanràn díẹ̀. Wọn kò ní dá owó padà, bí oṣù kan bá sì kọjá, khalas, ó ti kú nìyẹn. Àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni tó so mọ́ ọ."

"Bí ẹnì kan nínú wa kò bá padà ńkọ́?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Kọ́bọ̀ ẹ kò ní san."

 Wosilat sọ ọ̀rọ̀ Gbémi fún un. Abdulsalam wọ bàtà rẹ̀. Wọ́n jọ rìn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú náà. Ọmọbìnrin ará Fílípìnì tó wà nídìí kọ̀ǹpútà mọ Abdulsalam dáadáa. Ó tẹ orúkọ Gbémi, ó wò ó, ó tún un tẹ̀.

"One way," ó wí. "No return. Only coming."

Kò sí ewé àbọ̀ nínú tíkẹ́ẹ̀tì Gbémi. Kò sí níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ní pápákọ̀ Èkó àti ti Dùbáì, Àmúsà ló ń kó gbogbo ìwé wọn lọ síwájú àwọn aláṣẹ, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e bí àgùntàn. Wosilat wá mọ ìdí tí Àmúsà fi ní kí wọ́n pé mẹ́wàá. Kì í ṣe nítorí owó rárá. Ó fẹ́ kí ọmọ náà rìn láàárín àwọn ìyá ọlọ́jà, kí ẹnikẹ́ni má baà wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó sáré padà sí òtẹ́ẹ̀lì. Nínú yàrá Asiat, níbi tí àwọn mẹ́jọ yòókù ti ń di ẹrù, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó rò pé wọn yóò figbe ta.

"Ìyẹn ni pé a kò ní san nǹkankan?" ni Asiat bi í.

"A kò ní san nǹkankan. Ṣùgbọ́n ọmọ náà..."

"Alhamdulillahi!" Asiat jókòó sórí ẹrù rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ojú. "Àyà mi ti já! Ẹ ṣé o, Wosí. Ẹ wá bá mi tẹ báàgì yìí mọ́lẹ̀, kí síìpù ẹ̀ lè pa."

"Asiat, wọ́n ti fi ọmọ ènìyàn sílẹ̀ níbí!"

"Ọmọ ta ni? Ṣé èmi ni mo bí i? Alhaji tó mú un wá ni yóò mọ ibi tó fi í sí. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé jàre."

Àwọn yòókù ń di ẹrù wọn lọ. Ariwo téèpù tí wọ́n ń fà láti fi di páálí nìkan ni ó ń dún.

Nígbà tí Wosilat jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àmúsà dúró níbẹ̀, ó fara ti ògiri. Wosilat kò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀.

"Àǹtí Wosí," ó wí ní ohùn tó rọ̀ bí òwú, "ọkọ̀ òfúrufú kì í dúró de ènìyàn."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ. Wosilat kò lọ. Ó ti san ìtanràn, wọ́n ti yí ọjọ́ àbọ̀ rẹ̀ sí òpin oṣù kan tí tíkẹ́ẹ̀tì náà ń lò. Ó pe ilé onílé rẹ̀ ní Mushin láti inú búùtù fóònù, wọ́n bá a pe Kàfáyàt, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ní kí ó sọ fún bàbá rẹ̀, bó bá wá sílé ní òpin ọ̀sẹ̀, pé ọjà ló dá òun dúró. 

Abdulsalam mú un lọ sí ilé rẹ̀ ní Hor Al Ánsì, fúláàtì oníyàrá méjì tí ìdílé mẹ́ta ń gbé. Lateefat ìyàwó rẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Irun ni Lateefat ń dì fún àwọn obìnrin, ó sì máa ń tọ àwọn mìíràn lọ sílé. Bí Wosilat ṣe ń ròyìn, Lateefat ń yọ irun tó há sínú ìyàrun. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní kò sí àbọ̀, ọwọ́ Lateefat dúró.

"Obìnrin kan wà ní Al Kánì, ní Ṣárjà, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí," ó wí. "Ganiat ni wọ́n ń pè é. Mo ti lọ dirun níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbàkigbà tí mo bá lọ, ojú ọmọ tuntun ni mò ń rí. Lẹ́yìn ìgbà kejì, mo ní mi ò lọ mọ́."

"Kí lo rí?"

"Ọ̀kan nínú wọn béèrè lọ́wọ́ mi pé ìlú wo nìyí." Ó gbé ìyàrun sílẹ̀. "Kò mọ ìlú tó wà."

Ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀, wọ́n wọ takisí lọ sí Ṣárjà. Abdulsalam dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú awakọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé wọn kò ní ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin tí wọn kò mọ̀. Ilé gíga náà kọjú sí ọ̀sà. Omi ọ̀sà náà pa rọ́rọ́, kò ní ìgbì, ó ń dán bí irin. Ẹ̀rọ agbéniròkè kò yára. 

Lateefat tẹ aago. Ojú kan yọ níbi ihò ilẹ̀kùn.

"Lateefat onídìrí ni, Àǹtí Ganiat."

Kọ́kọ́rọ́ dún, òmíràn tún dún lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin pupa kan tó sanra ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀gbà wúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òórùn tùràrí sì ń jáde láti inú ilé. Kò tíì rí Wosilat dáadáa nígbà tí Wosilat ti gbé ẹsẹ̀ wọlé. Lórí àga gígùn, Gbémi jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin méjì mìíràn. Wọ́n ti fi nǹkan pupa kùn ún létè. Kò wọ bàtà. Bó ṣe rí Wosilat, kò dìde. Ó kàn wò ó bí ẹni tí kò gbà pé ohun tí òun ń rí jẹ́ òótọ́.

"Gbémi, dìde, ká máa lọ."

"Lọ síbo?" Ganiat ti dí ojú ọ̀nà. "Ta nìyí, Lateefat? Ọmọ yìí wá ṣiṣẹ́ ni. Gbémi, sọ fún wọn. Ṣé mo fi ipá mú ẹ?"

Gbémi la ẹnu.  Ó wo Ganiat, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ ti gbọ́," ni Ganiat wí. "Ẹ jáde."

Wosilat kò mọ ohun tó kọ lù ú. Ó fo tábìlì kékeré tó wà láàárín, ó di ọwọ́ Gbémi mú, ó sì figbe ta bí ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí: "Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o!" Lateefat ti fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kí ó má baà pa dé. Òun náà ń kígbe sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Shurta! Shurta!" Ọlọ́pàá ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Ìrun àsárì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń jáde láti ilé kọ̀ọ̀kan lọ sí mọ́sáláṣí. Ilẹ̀kùn kan ṣí, òmíràn tún ṣí. Bàbá arúgbó kan tó wọ aṣọ funfun dúró, ó ń fi Lárúbáwá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú Ganiat ṣú. Ó na ọwọ́ mú Gbémi ní apá kejì, ó fà á, Wosilat náà fà á. Lẹ́yìn náà ni Ganiat wo àwọn tó ti pé jọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ dà?" ni Wosilat béèrè.

"Ẹ lọ bi Àmúsà," ni Ganiat wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ ó sì tún rí i, ẹ má dààmú."

Wosilat yíjú sí àwọn ọmọbìnrin méjì tó kù. "Ẹ dìde, ẹ wá!" Ọ̀kan nínú wọn dìde ààbọ̀. Ganiat kàn wò ó, ọmọ náà sì padà jókòó. Ilẹ̀kùn pa dé, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sì dún lẹ́yìn wọn.

Nínú takisí, Gbémi kò sunkún. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè rẹ̀ títí ó fi fẹ́ bó. Nígbà tí wọ́n ti fi Ṣárjà sílẹ̀, ó béèrè pé, "Àwọn yòókù ńkọ́, Àǹtí?"

"Wọ́n ti lọ sílé."

"Ṣé wọ́n wá mi?"

Wosilat rántí bí wọ́n ṣe sáré káàkiri Al Ràsì nínú oòrùn. "Wọ́n wá ẹ," ó wí. Kò sọ ohun tí wọ́n wá a fún.

Láìsí pásípọ́ọ̀tù, kò sí ọkọ̀ tó lè gbé Gbémi. Abdulsalam bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Abu Dhabi, níbi tí ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba wà, láti gba ìwé tó lè fi wọlé sí Nàìjíríà. Lónìí, wọ́n á ní kó mú fọ́tò wá. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á ní ọ̀gá kò sí. Abdulsalam sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ méjì tó kù fún wọn, wọ́n ní àwọn yóò sọ fún ọlọ́pàá. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá Ṣárjà fi máa dé ilé náà, yàrá ti ṣófo. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí Ganiat kó wọn lọ. Látọjọ́ náà, Gbémi kò jẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé mọ́.

Oṣù Wosilat sì ń parí lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ní ìyípadà kejì. Bí kò bá lọ, òun náà yóò di ẹni tí kò ní àbọ̀, físà rẹ̀ yóò sì kú pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ó fi Gbémi sílẹ̀ lọ́wọ́ Lateefat. Ọmọ náà dì mọ́ ọn, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Lateefat ló bá wọn yà á.

Ní pápákọ̀ Èkó, bó ṣe ń ti ẹrù rẹ̀ jáde láàárín àwọn onítakisí, ó gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, Àǹtí Wosí."

Àmúsà ni. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó gba kẹ̀kẹ́ ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọmọlúàbí, ó ń bá a tì í.

"Ibo lẹ fi í sí?" ó béèrè. Kò wo ojú rẹ̀.

"Ta ni?"

"Kàfáyàt ti ga o," ni Àmúsà wí. "Mo rí i níwájú iléèwé wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òun nìkan ló ń rìn lọ sílé. Ọmọ dáadáa ni."

 Inú ọjà ni Wosilat ti dàgbà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ ènìyàn jẹ. Ó di kẹ̀kẹ́ ẹrù náà mú, ó dá a dúró.

"Alhaji, àwọn ọlọ́pàá Ṣárjà ló ni Gbémi báyìí. Ó ti sọ tẹnu ẹ̀ fún wọn. Orúkọ yín ló kọ́kọ́ dá, èmi náà sì tọwọ́ bọ̀wé pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti kọ nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù yín sílẹ̀ sí pápákọ̀ wọn. Ẹ lọ wò ó bóyá irọ́ ni."

Irọ́ ni. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Àmúsà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Wosilat ti mọ̀ ọ́n. Ó yọ ọwọ́ kúrò lára ẹrù. Ó rìn lọ láàárín èrò.

Wosilat kò dé ilé. Iléèwé ló gbà lọ tààrà. Ó mú Kàfáyàt jáde ní kíláàsì, wọ́n sì wọ ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó lọ bá bàbá rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà níbẹ̀. Kàfáyàt kò padà sí iléèwé Mushin mọ́. Ó sunkún nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì sọ ìdí fún un.

Nígbà tí òjò ti ń parí, Abdulsalam fi fóònù sọ fún un pé Gbémi ti gúnlẹ̀ sí Kánò. Òun ló dìídì ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí Kánò, kí ó má baà gba ojú Àmúsà kọjá ní Èkó. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ kan ní Ìkìrun ló wà. Àbúrò ìyá náà ní ó ń jẹun, ṣùgbọ́n kì í jókòó sí ibi tí kò bá ti rí ẹnu ọ̀nà.

Àmúsà kò dé Dùbáì mọ́. Ṣùgbọ́n kò pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì. Lọ́jọ́ kan tí ọjà kò yá, Asiat wá jókòó sí ìsọ̀ Wosilat, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń ròyìn.

"Ítálì ló ń kó wọn lọ báyìí. Àwọn ọmọbìnrin nìkan. Ó ní iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tilẹ̀ ń múra."

"Ṣé ẹ ti rí èyí tó padà wá nínú wọn?"

Asiat ń jẹ ẹ̀pà lẹ́nu. Díẹ̀díẹ̀ ló dá ẹnu dúró. Ó wo Wosilat, àwọ̀ ojú rẹ̀ sì yí padà.

Wosilat ti dìde. Ó ń wé gèlè, ó sì ń wá ẹni tí yóò bá a jókòó ti ìsọ̀.

"Ilé ẹ̀gbọ́n yín," ó wí, "ibo ló wà?"